Ẹpìyà inú abọ́ kan kì í ṣe oríṣi kan



Tí ẹ bá dé ọjà Pobè tàbí ti Sakété, ẹ ó rí àwọn ìyá ẹlẹ́ja tí wọ́n to ẹpìyà sínú abọ́ ńlá. Ẹ bi wọ́n pé, “Ẹja wo nìyí?” Wọn á ní, “Ẹpìyà ni.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oríṣi ẹpìyà mẹ́ta lè wà nínú abọ́ kan náà. Ẹni tó fẹ́ fi se ọbẹ̀ kò ní wàhálà, nítorí ata àti epo kò mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ọmọ ẹja sínú kòtò ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ọkùnrin kan wà tó ń bá wa kàwé lálẹ́. Ó gbẹ́ kòtò ẹja sí àbàtà ẹ̀yìn oko rẹ̀. Ó ra ọmọ ẹja lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń rù wọ́n kiri. Ẹni náà sọ fún un pé ẹja tí ń tètè dàgbà ni. Bàbá yìí ń fún wọn ní èérí àgbàdo láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tí oṣù mẹ́jọ pé, ó gbọ́n omi kòtò náà tán. Kí ló bá níbẹ̀? Ẹja pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ìyàwó rẹ̀ yan wọ́n, wọ́n fi jẹ ẹ̀kọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Owó èérí kò padà wọlé. Bàbá náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹja tó rà ni kò yẹ kòtò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn onímọ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n. A ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè fi béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àmì ara wọn ni a ó máa fi pè wọ́n.

Èkíní ni Onílà-ìrù. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni Oreochromis niloticus. Odò Náílì ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ó wà nínú odò Ọya pẹ̀lú. Ẹ fi ìka méjì na lẹbẹ ìrù rẹ̀. Ẹ ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti òkè wá sí ìsàlẹ̀, tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìlà aṣọ òfì. Ẹja yìí fẹ́ràn omi tí kò níyọ̀. Ó ń jẹ èérí, ó sì ń jẹ àwọn ohun wẹ́wẹ́ tí ń sọ omi kòtò di aláwọ̀ ewé. Òun ni ó yẹ kòtò jù.

Èkejì ni Alágbọ̀n-dúdú, tí wọ́n ń pè ní Sarotherodon melanotheron. Ẹja ọ̀sà ni. Bí ó bá ti dàgbà, ẹ ó rí dúdú lábẹ́ ẹnu rẹ̀ àti lọ́fun rẹ̀. Ìrù rẹ̀ kò ní ìlà. Òun ló pọ̀ nínú akaja, ìyẹn àwọn ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja Ganvié ń gún mọ́ ilẹ̀ omi kí ẹja lè fi ṣe ilé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun ń wọ adágún Nokoué, omi náà á sì níyọ̀. Nígbà tí odò Ouémé bá kún, ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, iyọ̀ náà á lọ. Ẹja yìí fara da méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e wá sí kòtò wa ní òkè Àjàṣẹ́ níbí, kì í tètè dàgbà. Òun ló pọ̀ jù nínú kòtò bàbá yẹn.

Ẹ̀kẹta ni Olójú-ẹ̀yìn. Coptodon guineensis ni, àti àbúrò rẹ̀ Coptodon zillii, tí àyà rẹ̀ máa ń pọ́n. Ẹ wo lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ní apá tó sún mọ́ ìrù. Àmì dúdú kan wà níbẹ̀ bí ẹyinjú. Ewéko ni ó fẹ́ràn.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o! Nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì kéré, gbogbo wọn ló lè ní ẹyinjú yẹn lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tan oníbàárà jẹ, nígbà mìíràn ẹni tó ń tà á gan-an kò mọ̀. Nítorí náà, ẹ ní kí ó fi àwọn ìyá ẹja hàn yín kí ẹ tó sanwó. Tí kò bá sí, ẹ mú ọ̀kan tó ti kú, ẹ ṣí etí rẹ̀. Lára ohun pupa tí ẹja fi ń mí, eegun wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ bí eyín ìyarun. Ẹ ka èyí tó wà ní apá ìsàlẹ̀. Ti Olójú-ẹ̀yìn kò pọ̀, nǹkan bí mẹ́sàn-án ni. Ti Onílà-ìrù máa ń tó ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ tún yàtọ̀. Ìyá Onílà-ìrù ń kó ẹyin rẹ̀ sẹ́nu, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa. Ti Alágbọ̀n-dúdú ńkọ́? Bàbá ni ó ń kó ẹyin sẹ́nu! Nígbà tí mo sọ èyí ní kíláàsì, àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní kí n tún un kà kí àwọn ọkọ gbọ́ dáadáa. Olójú-ẹ̀yìn ní tirẹ̀ ń lẹ ẹyin mọ́ ilẹ̀ tàbí òkúta, ìyá àti bàbá á jọ máa ṣọ́ ọ.

Ẹja kan tún wà tó jọ ẹpìyà. Àmì dúdú ńlá márùn-ún wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀. Hemichromis fasciatus ni. Ẹja ni ó ń jẹ. Tí ó bá bá ọmọ ẹja yín wọ kòtò nígbà tí wọ́n ṣì kéré, á jẹ wọ́n. Ẹ ṣà á kúrò. Tí ẹpìyà bá ti dàgbà, tí wọ́n ń bímọ jù, ìgbà yẹn ló wúlò, nítorí á máa jẹ àwọn ọmọ tí ì bá bá àwọn àgbà du oúnjẹ. Àrọ̀ náà ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Akọ Onílà-ìrù ń tóbi ju abo lọ. Tí ẹja bá ti tó ìwọ̀n ọwọ́, ẹ dà á délẹ̀, ẹ wo abẹ́ ikùn rẹ̀. Ihò méjì ni ti akọ, mẹ́ta ni ti abo. Ẹni tó bá kó akọ nìkan sí kòtò, ẹja rẹ̀ kò ní kún inú omi fún ọmọ bíbí. Ẹni tó bá ń lọ sí Àjàṣẹ́ lè yà sí Songhai, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1985. Wọ́n ń sin ẹja níbẹ̀.

Bàbá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tún kòtò rẹ̀ ṣe. Ní ọjọ́ Ajé, ó ní kí n kọ “ìlà” àti “ìrù” sí pátákó gàdàgbà. Ó dà wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, ó ya àwòrán ìrù ẹja sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó sì ká ìwé náà sápò.