Ìrìn Òkè Ìdànrè Lásìkò Ọyẹ́: Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Ètò Yín Láti Orí Ìpadàbọ̀

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ báyìí, ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu wa: ṣé a lè ṣètò ìrìn lọ sí Òkè Ìdànrè fúnra wa, láìsanwó fún àwọn tó ń kó èrò rìnrìn àjò? A lè ṣe é. Àmọ́ ìpadàbọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣírò, kì í ṣe àlọ.

Ní Yúróòpù, ẹni tó bá fẹ́ rìn lórí òkè Alps nígbà òtútù máa ń kọ́kọ́ wo ìgbà tí ilẹ̀ yóò ṣú, nítorí pé ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ níbẹ̀. Yìnyín ni tiwọn, ọyẹ́ ni tiwa, ṣùgbọ́n ìṣirò kan náà ni.

Ohun tó wà níbẹ̀

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Òkè Ìdànrè wà, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Orí òkè yìí gan-an ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá tẹ̀dó sísàlẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Ààfin Ọwá àtijọ́ àti ilé-ẹjọ́ àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀. Ní ọdún 2007, Nàìjíríà fi í sára àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lẹ máa gùn kí ẹ tó dé ìlú àtijọ́ náà.

Ire àti ibi ọyẹ́

Láti oṣù Kọkànlá títí di nǹkan bí oṣù Kẹta, atẹ́gùn gbígbẹ máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ire rẹ̀ ni pé àpáta gbẹ, kì í yọ̀ bíi tìgbà òjò, òwúrọ̀ sì tutù. Ibi rẹ̀ ni pé eruku lè bo ojú ọ̀run débi pé ẹ ò ní rí àfonífojì tí ẹ torí rẹ̀ gun òkè. Omi á máa gbẹ lára yín kí òùngbẹ tó gbẹ yín, bó bá sì di ọ̀sán, àpáta á gbóná. Ẹ wo àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ NiMet ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ṣáájú. Bí wọ́n bá ní eruku yóò pọ̀, ẹ sún ọjọ́ síwájú.

Ìṣirò náà

Ìsọlọ̀ ni mò ń gbé, nítorí náà Òṣòdì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ilé mẹ́ta tó wà ní ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, ọ̀kan wà fún ọkọ̀ tó ń lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Láti ibẹ̀ dé Àkúrẹ́ tó nǹkan bí 300 kìlómítà, wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà bí ọ̀nà bá dára. Ọkọ̀ kì í sì í gbéra àyàfi tó bá kún.

Bí ẹ bá kúrò ní Òṣòdì ní aago mẹ́fà àárọ̀, ó di ọ̀sán kí ẹ tó dé Àkúrẹ́, ẹ ó sì tún wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Ìdànrè. Bí ẹ bá gun òkè lọ́jọ́ náà, inú oòrùn lẹ máa gùn ún, òru lẹ máa fi padà sí Èkó. Gbogbo wa la mọ ohun tí olè àti ajínigbé ń fi ojú èèyàn rí lọ́nà lóru.

Nítorí náà, ọjọ́ mẹ́ta ni ètò tó dára:

- Ọjọ́ Ẹtì: ẹ lọ, kí ẹ sì sùn sí Ìdànrè tàbí Àkúrẹ́.
- Ọjọ́ Àbámẹ́ta: ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀. Bí aago mọ́kànlá ààbọ̀ bá lù, ibi yòówù tí ẹ bá dé, ẹ máa padà. Ẹ tún sùn síbẹ̀.
- Ọjọ́ Àìkú: ẹ wọ ọkọ̀ àárọ̀ padà sí Èkó.

Níbi owó ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di àríyànjiyàn. Nígbà tí kíláàsì wa ṣèpàdé lórí ìrìn yìí, alẹ́ kejì ni wọ́n kọ́kọ́ ní ká gé. Mo ní rárá. Ẹ jẹ́ ká sùn ní mẹ́ta mẹ́ta sí yàrá kan, ká gbé gààrí àti ẹ̀pà dání, ká sì ya ọkọ̀ kan lódindi bí a bá pé mẹ́rìnlá. Owó alẹ́ kejì ni kò ní jẹ́ ká wà lójú ọ̀nà lóru.

Ẹni tí ìrìn rẹ̀ lọ́ra jù

Ẹni yìí ni kó máa rìn ṣáájú, kì í ṣe ẹ̀yìn. Eruku ọyẹ́ lè dá asthma sílẹ̀. Òtútù àti àìmu omi tó lè fa ìrora fún ẹni tó jẹ́ SS. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má fẹ́ sọ, kí wọ́n má bàa fi í sílẹ̀. Kí ẹni tó ń ṣètò bi kálukú léèrè ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe lójú gbogbo ènìyàn, kí ẹni tó bá kàn sì kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀.

Ẹ̀rù kálukú: omi líta méjì ó kéré tán, suẹ́tà àárọ̀, fìlà, ìbòmú, òrí fún ètè, tọ́ọ̀ṣì, inhaler fún ẹni tó ń lò ó, àti bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀. Sílípáàsì kọ́ o.

Ẹ mú afinimọ̀nà tó jẹ́ ọmọ ìlú, kí ẹ sì béèrè iye owó rẹ̀ àti owó ìwọlé kí ẹ tó gbéra. Ojúbọ wà lórí òkè náà. Ẹ gba àyè kí ẹ tó ya fọ́tò. Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀ka-èdè sì gbọ́dọ̀ gba àyè kí a tó gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Bí owó alẹ́ méjì kò bá sí, Òkúta Olúmọ ní Abẹ́òkúta ṣeé lọ kí a sì padà lọ́jọ́ kan náà. Láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti ń ná ọ̀nà Abẹ́òkúta, ó sì ní ibùdó ní Agége tí kò jìnnà sí wa. Ìdànrè á ṣì wà níbẹ̀ di ọyẹ́ tó ń bọ̀.