Ta ni yóò bu oúnjẹ fún ọmọ tó gba Ọpọ́n Ìmọ̀?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ náà kò yọ sílẹ̀ nínú òwe yìí. Ọmọ tí kò jẹun kó tó kúrò nílé láàárọ̀ kì í gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ dáadáa, bó ti wù kí ìwé ọwọ́ rẹ̀ dára tó. Láàárín ọdún 2012 sí 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dáwọ́ lé ohun méjèèjì, ìwé àti oúnjẹ. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀, pàápàá ní ìlú bíi Kúta, ìlú àwọn ọmọ Òwu tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire, nítòsí Ìwó.

Oṣù Kẹfà ọdún 2013 ni ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tó ṣe gómìnà Ọ̀ṣun láti ọdún 2010 sí 2018, ṣe ìfilọ́lẹ̀ ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ni, kò ju ohun tí ọmọ lè fi ọwọ́ kan gbé lọ. Ẹ̀rọ 150,000 ni ìjọba ní òun fẹ́ pín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà ní àwọn ilé-ìwé ìjọba káàkiri ìpínlẹ̀ náà. Ìwé tó lé ní 50, lórí iṣẹ́ 17, ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ìbéèrè ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB ti àwọn ọdún tó ti kọjá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn Yorùbá náà wà níbẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n sọ ẹ̀rọ náà kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà. Ọpọ́n ni babaláwo ń tẹ odù sí. Wàláà ni àwọn ọmọ kéwú Ìwó fi kọ́ háràfí. Síléètì sì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé nígbà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ́dún 1955 gbé lọ sí kíláàsì. Ohun pẹlẹbẹ tí a ń kọ ìmọ̀ sí ni gbogbo wọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wàláà àti síléètì kò nílò iná mànàmáná.

Ohun tó wúlò jù nínú Ọpọ́n Ìmọ̀ ni àwọn ìbéèrè ìdánwò yẹn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ olùkọ́ ti rí i pé ọmọ tó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè, tó sì gbìyànjú láti dáhùn láìwo ìwé, ń rántí ohun tó kọ́ ju ẹni tó kàn ń ka ojú ewé kan náà ní àkàtúnkà lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ìdánwò fúnra rẹ̀ ti kúrò lórí bébà. JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà lọ́dún 2013, ó sì sọ ọ́ di ti gbogbo ènìyàn lọ́dún 2015. WAEC náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 2024 fún àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ láìsí lábẹ́ ilé-ìwé kankan. Ọmọ abúlé tí kò fọwọ́ kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń wá ìdáhùn, ó sì ń wá ibi tí yóò tẹ̀.

Oúnjẹ ti ṣáájú ẹ̀rọ

Kí Ọpọ́n Ìmọ̀ tó dé ni oúnjẹ ti ń lọ. Láti ọdún 2006 ni Ọ̀ṣun ti ń fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lóúnjẹ nílé-ìwé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, ìjọba tún ètò náà tò, wọ́n sì pè é ní O'Meals. Àwọn obìnrin àdúgbò ni wọ́n gbà láti máa se oúnjẹ. Ìrẹsì, ẹ̀wà àti iṣu ń bẹ níbẹ̀, pẹ̀lú ẹyin, ẹja tàbí ẹran adìyẹ, wọ́n sì ń fi èso lé e. Èrò ìjọba ni pé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ náà ni kí wọ́n ti máa ra ohun tí wọ́n ń sè, kí owó lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2016, ti Ọ̀ṣun wà lára àwòkọ́ṣe tí wọ́n wò.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni oúnjẹ wà fún. Àwọn ọmọ girama àgbà ni ẹ̀rọ wà fún. Ẹni tó ń jẹun kò ní ẹ̀rọ, ẹni tó ní ẹ̀rọ kò jẹun nílé-ìwé. Ọmọ tó wà láàárín méjèèjì, láti kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé òpin girama kékeré, kò rí ọ̀kankan gbà.

Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ọmọ ń bàlágà gan-an ni ara rẹ̀ ń béèrè oúnjẹ jù. Ọpọlọ nìkan ń lo nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ènìyàn ń lò nígbà tó bá jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọbìnrin tó ti ń ṣe nǹkan oṣù, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, yóò máa rẹ̀, yóò sì máa tòògbé lórí ìwé, àwọn kan á sì ní ọ̀lẹ ni. Gaàrí tútù, bisikíìtì àti Indomie tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ti ọjọ́ kọjá lè kún inú, ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀.

Ohun tó kù sọ́wọ́ òbí

Ẹ̀rọ tún ní ìyọnu tirẹ̀. Ojú rẹ̀ lè fọ́, bátìrì rẹ̀ lè kú, ó sì ń fẹ́ iná àti ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Nígbà tó sì di ọdún 2015, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ gan-an di ìṣòro l'Ọ́ṣun. Ìjọba tí kò rí owó oṣù san yóò ṣòro fún láti máa tún ẹ̀rọ ṣe, tàbí láti máa rà fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Oúnjẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n sè wà ní gbogbo ìlú, oko tó ti ń wá kò sì jìnnà.

Nítorí náà, àwọn òbí àti àwọn ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ ọmọ ní Kúta àti agbègbè rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró de ìjọba. Ìwé ìbéèrè WAEC àtijọ́ wà lọ́jà. Fóònù bàbá tó ní íntánẹ́ẹ̀tì lè ṣe Ọpọ́n Ìmọ̀ fún wákàtí kan lálẹ́, bí àgbà bá jókòó tì í kí ọmọ má baà sọ ọ́ di eré. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀ ṣáájú ilé-ìwé, ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé àti oorun tó tó, ìwọ̀nyí kò nílò ìfilọ́lẹ̀ gómìnà. Ọmọ tó bá rí ìwé àti oúnjẹ gbà pọ̀ nínú ilé kan ṣoṣo ti rí ohun tí ètò méjèèjì kò lè fún un lẹ́ẹ̀kan náà.