Olùkọ́ tó gbé irúgbìn efinrin lọ sí gbalasa òfuurufú

Ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu ni ọjọ́ 28, oṣù Kín-ín-ní, ọdún 1986 jẹ́ ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ iléèwé ń wo Christa McAuliffe, olùkọ́ tó fẹ́ kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ láti gbalasa òfuurufú, lórí tẹlifíṣàn nígbà tí ọkọ̀ Challenger fọ́ yángá lókè. Gbogbo àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ ló kú.

Barbara Morgan, olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n yàn láti rọ́pò rẹ̀ bí kò bá lè lọ, kò torí èyí jáwọ́. Ọdún 21 ló fi dúró. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2007, ó bá ọkọ̀ Endeavour lọ, ó sì dáhùn ìbéèrè àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ Idaho láti òkè lọ́hùn-ún. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 irúgbìn irú efinrin kan wà nínú ẹrù wọn.

Wọ́n pín irúgbìn náà fún àwọn iléèwé, pẹ̀lú òmíràn tí kò kúrò nílẹ̀ rárá. Àwọn ọmọ ní láti ya àwòrán ilé tí efinrin lè hù sí lórí òṣùpá, kí wọ́n kọ́ ọ, kí wọ́n ka iye tó hù, kí wọ́n sì fi rúlà wọn bó ṣe ga tó. Ọmọ tó ń sá fún ìṣirò gan-an yóò fẹ́ mọ èyí tó yára jù. Àgbẹ̀ tó bá ti gbin àgbàdo tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ rí ti ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀.