Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìwádìí lórí àìsàn MS

Nínú àìsàn multiple sclerosis, tí wọ́n ń pè ní MS, àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó dáàbò bo ara ló ń ba awọ tó bo iṣan inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara lè fi ojú ọgbẹ́ han dókítà, ṣùgbọ́n kò lè sọ bó ṣe ń rẹ aláìsàn tó kó tó wẹ̀ tán láàárọ̀. Ẹni tó ń ṣe ló mọ̀ ọ́n.

Ìdí nìyí tí Yunifásítì Swansea fi ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu aláìsàn fúnra rẹ̀ láti 2011, nínú ètò UK MS Register. Ẹni tó ní MS, tó ti pé ọdún 18, tó sì ń gbé UK, lè forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó sì lè yọwọ́ nígbàkigbà. Ẹ̀yin èèyàn wa tí àìsàn yìí ń bá fínra níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ tiyín náà.