Ọmọ Tí A Tọ́, Tó Sì Sá Lọ: Fíìmù Jámánì Kan ní Ilẹ̀ Wa

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Kambolé, ní Tchamba àti ní Sokodé ni kò mọ̀ pé sinimá ti dé ilẹ̀ wa kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1913, Hans Schomburgk, arìnrìn-àjò ọmọ Jámánì, gúnlẹ̀ sí Lomé pẹ̀lú ẹ̀rọ ayàwòrán àti ọ̀dọ́mọbìnrin òṣèré kan, Meg Gehrts. Wọ́n gòkè wá sí Sokodé, tí í ṣe ibùjókòó ìjọba Jámánì ní àgbègbè yìí nígbà náà, wọ́n sì tẹ̀ síwájú dé ìhà Mango. Nínú àwọn fíìmù tí wọ́n yà ní Tógò ni «Die weiße Göttin der Wangora» wà, èyíinì ni «Òrìṣà Funfun Àwọn Wangora». Fíìmù aláìlóhùn ni. Ojú àti ìṣe ara ni òṣèré fi ń sọ̀rọ̀.

Ìtàn rẹ̀ rèé. Ọkọ̀ rì lójú òkun, omi sì gbé ọmọbìnrin òyìnbó kékeré kan wá sí etí òkun. Àwọn Wangora gbà á tọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di òrìṣà. Nígbà tó dàgbà, ọdẹ òyìnbó kan bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ìfẹ́ wọ àárín àwọn méjèèjì, wọ́n sì jọ sá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú ẹbí wò ó. Ní ọ̀dọ̀ wa, kì í ṣe ẹni tó bí ọmọ nìkan ni ìyá ọmọ. Ẹni tó fún un lóúnjẹ, tó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ìyá ni òun náà. Ta ló sunkún ní ọjọ́ tí ọmọ yẹn lọ? Àwọn ọmọ ilẹ̀ Tógò ni wọ́n ṣeré àwọn Wangora, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó méjì ni ìtàn náà fún ní ìfẹ́ àti ìrora ọkàn. Àwọn tó tọ́ ọmọ wá di àwọn tí ọmọ ń sá fún.

A kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo sinimá Jámánì rí. Ní ọdún 1974, Rainer Werner Fassbinder ṣe «Angst essen Seele auf», tó túmọ̀ sí pé ìbẹ̀rù ń jẹ ọkàn run. Emmi, opó tó ti dàgbà, tó ń fi iṣẹ́ ìmọ́tótó jẹun, fẹ́ Ali, òṣìṣẹ́ ọmọ Mòrókò tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí tirẹ̀ púpọ̀. Àwọn ọmọ Emmi kọ̀ ọ́ sílẹ̀, àwọn aládùúgbò sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú fíìmù yìí, a rí ìtìjú obìnrin náà, a sì rí àárò ilé tó ń da àjèjì náà láàmú. Ọkàn méjèèjì ni a ṣí sílẹ̀ fún wa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀rọ ayàwòrán ti wà lọ́wọ́ yín báyìí, nínú fóònù. Bí ẹ bá fẹ́ ya ìtàn ọmọ tó fi ilé sílẹ̀ lọ sí Lomé tàbí sí òkè òkun, ẹ má ṣe tẹ̀lé ẹni tó lọ nìkan. Ẹ yà á dé ọ̀dọ̀ ìyá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì jẹ́ kí òun náà sọ tirẹ̀.