Àmì Ẹ̀yẹ Idì láàrin Àwọn Síkáòtù Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín jẹ́ ti àmì ẹ̀yẹ kan tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ń làkàkà láti gbà, èyí tí í ṣe òkè téńté nínú ẹgbẹ́ Síkáòtù wọn. Idì ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ nípa rẹ̀ lè rò pé ọmọ tí ó bá lágbára iṣẹ́ jù ni í gbà á. Kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀ ni a sì fẹ́ sọ.

Ní 1910 ni a dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Baden-Powell kó àwọn ọmọkùnrin díẹ̀ lọ pàgọ́ ní erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1912 ni Arthur Eldred, ọmọ ìpínlẹ̀ New York, kọ́kọ́ gba Idì. Báàjì 21 ni a bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ọmọ mọ̀ ọ́n ṣe fúnra rẹ̀ ni a ń wò nígbà náà. Lábẹ́ irú òfin yìí ni Gerald Ford, tí ó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1974 di 1977, gba tirẹ̀ ní 1927. Ó di 1965 kí a tó fi iṣẹ́ ìlú kún un. Àwọn ọmọbìnrin náà sì ti ní àyè nínú rẹ̀ láti 2019. Ní 2021 ni a kọ́kọ́ dá wọn lọ́lá pẹ̀lú Idì.

Iṣẹ́ ìlú yìí lè jẹ́ fún ilé ìjọsìn, fún ilé-ẹ̀kọ́, tàbí fún àdúgbò tí ọmọ náà ń gbé. Òmíràn a kan ìjókòó sí ọgbà; òmíràn a la ọ̀nà ẹsẹ̀ nínú igbó; òmíràn a tún itẹ́ òkú tí koríko ti bò ṣe; òmíràn a ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ìlẹ̀kùn, kí ẹni tí ẹsẹ̀ kò gbé lè fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé. Kò gbọdọ̀ jẹ́ fún èrè oníṣòwò, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ jẹ́ fún ẹgbẹ́ Síkáòtù fúnra rẹ̀. Òfin kò sọ iye wákàtí tí a ó lò.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òfin kò fi ṣeré. Ọmọ náà ni yóò gbèrò iṣẹ́ náà, òun ni yóò sì ṣe olórí àwọn ẹlòmíràn tí yóò ṣe é. Bí ó bá dá a ṣe láti àárọ̀ di alẹ́, bí ó ti wù kí iṣẹ́ náà dára tó, kò tíì ṣe ohun tí a bèèrè. Àwa tí a bí sí àárin àgbẹ̀ mọ ọ̀wẹ̀. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ni í mọ iye ènìyàn tí ń bọ̀, òun ni í pèsè oúnjẹ, òun ni í fi ibi tí olúkúlùkù yóò gbé kọ ebè hàn án. Oko ara ẹni ni a sì ń bẹ ọ̀wẹ̀ sí. Ọmọ yìí ń bẹ ọ̀wẹ̀ sí oko ẹlòmíràn, kò sì ní oko tí yóò fi san án padà. Ta ni yóò fi ọjọ́ Sátidé rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ọmọ ọdún 16 pè é? Níhìn-ín ni ìṣòro wà, kì í ṣe nínú pákó àti ìṣó.

Kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan ṣọ́bìrì kí ó tó kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé, kí àwọn tí iṣẹ́ náà wà fún, olórí ẹgbẹ́ rẹ̀, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ náà àti àwọn aláṣẹ àgbègbè sì fọwọ́ sí i. Owó tí ó bá tọrọ tí ó sì ṣẹ́ kù, ti àwọn tí ó ṣiṣẹ́ fún ni. A gbọ́dọ̀ parí gbogbo rẹ̀ kí ó tó pé ọmọ ọdún 18.

Nítorí ọjọ́ ìbí yìí ni ọwọ́ àwọn òbí fi ń yún wọn. Bàbá tí ó rí i pé oṣù méjì ni ó kù, yóò fẹ́ gba òòlù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Lójú tiwa, olè ni ó ń ja ọmọ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìfẹ́ ni ó mú un ṣe é. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà, tí kò dín ní mẹ́ta tí kò sì ju mẹ́fà lọ, ni yóò jókòó níkẹyìn láti bi ọmọ náà léèrè. Òbí rẹ̀ kò sí lára wọn. Wọ́n lè bi í pé kí ni ó yàtọ̀ sí ohun tí ó kọ sínú ìwé, ta ni ó pè, báwo ni ó sì ṣe darí wọn. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò dáhùn.