Òjé nínú ọ̀pá ìbọn

Ṣé ẹ ti rí i pé ìbọn tó ń pa ẹran dáadáa tẹ́lẹ̀ lè dédé máa tàsé? Ẹlòmíì á ní ayé ló ń ṣe òun. Ó lè má jẹ́ ayé o. Ẹ kọ́kọ́ wo inú ọ̀pá ìbọn náà.

Ọta tí a fi òjé dà rọ̀. Bí ẹ̀tù bá gbiná, èéfín gbígbóná ló ń tì í jáde. Bí ọta bá kéré ju ojú ọ̀pá lọ, èéfín yìí á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á yọ́ òjé etí rẹ̀, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Òjé kì í pẹ́ yọ́: iná tí kò tíì lè sọ irin di pupa ti tó o. Bí inú ọ̀pá bá ti dípẹtà ńkọ́? Á máa ha òjé bí ìgbà tí ẹ ń rin ẹ̀gẹ́. Lónìí díẹ̀, lọ́la díẹ̀, ojú ọ̀pá á fún. Èyí tó bá dí púpọ̀ lè bẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́.

Nítorí náà, kí ọta bá ojú ọ̀pá mu. Bí ẹ bá ń gba ẹnu ìbọn ki í, ẹ fi àkísà òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní ọ̀rá wé ọta, kí ó dí àlàfo. Ìda tí a yọ́ pọ̀ mọ́ òrí dára. Ẹ má lo ọ̀rá oníyọ̀, iyọ̀ ń mú irin dípẹtà. Ẹ má sì bu ẹ̀tù jù.

Ọjọ́ tí ẹ bá yìnbọn ni kí ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ rí i dájú pé kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ń kó èérí ẹ̀tù, ṣùgbọ́n omi kò ká òjé. Búrọ́ọ̀ṣì onírin bàbà ló ń ha á. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi epo pa á.

Níbo lẹ ti ń ha á? Bàbá kan nínú kíláàsì wa ń ha tirẹ̀ lórí ẹní tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń jókòó jẹun. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò níbí.” Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni mo di ọdẹ. Òótọ́ ni, n kì í ṣe ọdẹ. Ṣùgbọ́n eruku òjé, májèlé ni. Ọmọdé ló sì ń tètè bà jẹ́, àti ọmọ inú oyún. Ní Thiaroye-sur-Mer, nítòsí Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, ọmọdé 18 kú láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008. Àwọn ènìyàn ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ àtijọ́ láti rí òjé tà, eruku rẹ̀ kún àgbàlá.

Ẹ má yọ́ òjé bátìrì rárá. Òjé yòówù tí ẹ bá ń yọ́, ìta gbangba ni, níbi tí ọmọdé kì í dé. Ẹ má lo ìkòkò ọbẹ̀. Kí omi má kán sí i, á ta sí yín lójú. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Bí ẹ bá pa ẹran, ẹ gé ibi tí ọta bà sọ nù dáadáa, ẹ má fún ajá.

Bàbá yẹn ti ń ha ìbọn wọn lẹ́bàá ààtàn báyìí. Ìyá ti fọ ẹní náà.